Ẹ Kú Ọtí Àná, Alhaji

"Agbádá Alhaji Fàsásì ò tíì gbẹ níbi àpò. Ẹ má ká a."

Ohun tí àbúrò mi Sàláúdéènì sọ fún mi gbẹ̀yìn nìyẹn. Kò ní ó dìgbà. Kò ní ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tọ́jú mi. Àpò agbádá. Àwọn tó wá kí wa kú ara-fẹ́ra-kù ń bi mí pé, "Mikail, kí ló wí gbẹ̀yìn?" Wọ́n á ti fajú ro, wọ́n á ti fa ìborùn sún mọ́ ojú. Tí mo bá sọ fún wọn, wọ́n á sọ ìborùn kalẹ̀. Wọ́n á dìde, wọ́n á máa wá bàtà wọn.

Alágbàfọ̀ ni wá ní Bẹ́yẹrunkà. Bàbá wa fọṣọ níbẹ̀ títí wọ́n fi kú. Èmi ka ìwé mẹ́fà, mo bọ́ sídìí ọpọ́n. Sàlá ò ka tó yẹn. Ìwé kejì ni wọ́n ti dá a padà sílé, pé ó máa ń di etí tí wọ́n bá ti ń kọrin. Ẹni tó bá ti gbọ́ orin iléèwé yẹn rí kò ní bá a wí.

Alhaji Fàsásì tí wọ́n ni agbádá yìí ni wọ́n sọ ọ́ di olókìkí láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ìrun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Alhaji dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú tẹ̀sùbáà gígùn lọ́wọ́, wọ́n ń bá àwọn ọ̀dọ́ kan wí nípa ìwà mímọ́. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fi aṣọ òde àná wọn ránṣẹ́ sí wa. Sàlá ń kọjá lọ pẹ̀lú ẹrù lórí, èmi ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ó rí wọn. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó tún un tò kó má baà ṣubú, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ọtí àná o, Alhaji."

Alhaji dá tẹ̀sùbáà dúró.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ kú ọtí àná, sà."

"Èmi! Ta ló mutí?"

Sàlá rò ó. Kì í kánjú dáhùn.

"Apá ọ̀tún agbádá yín ló mu èyí tó pọ̀ jù, sà. Ẹ̀yin mu ìyókù."

Ariwo sọ. Wọ́n ń pariwo pé àsítáfúrúlláì, wọ́n ń ká apá ẹ̀wù sókè, wọ́n ní kí wọ́n fi igi lù ú. Mo ń wò wọ́n. Gbogbo àwọn tó pariwo jù níbẹ̀, mo mọ agbádá tiwọn náà.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé àbúrò mi ò lẹ́kọ̀ọ́, kó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Nígbà tí Sàlá wà lọ́mọ ọdún méje, kì í kí èèyàn rárá. Ní àdúgbò wa, ọmọ tó bá jalè, wọ́n á ní ayé ló bà á jẹ́. Ọmọ tí kò bá kíni, ìyá ẹ̀ ni wọ́n máa bú. Wọ́n bú Màámi títí. Lọ́jọ́ kan, Màámi dojú ọpọ́n dé, wọ́n gbé Sàlá jókòó lé e.

"Sàlá, kíkí ò le. Wo ohun tí ẹni náà ń ṣe, kó o kí i fún un. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó dúró, ẹ kú ìnàró. Ṣó yé ẹ?"

Ó yé e. Ó yé e ju bí Màámi ṣe rò lọ.

Àwọn mẹ́rin kan ń gbẹ́ kòtò ní Bẹẹrẹ. Ọ̀kan ń gbẹ́, àwọn mẹ́ta nawọ́ sẹ́yìn, wọ́n dúró tì í. Sàlá kí ẹni tó ń gbẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó yíjú sí àwọn mẹ́ta: "Ẹ kú ìwòran o." Wọ́n gbá tẹ̀lé e. Wọ́n lé e, wọ́n lé e, ó di orí òkè Mápó kí èémí tó tán nínú wọn. Wọ́n tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, òógùn ń kán. Sàlá dúró lókèèrè, ó wò wọ́n dáadáa. "Ó yá, ẹ̀yin náà, ẹ kú iṣẹ́ o."

Kì í wojú èèyàn. Ọrùn ẹ̀wù ló máa ń wò. Àwọn aláìmọ̀kan ní ojú ń tì í ni, àwọn kan ní ó gbéra ga. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Èèyàn lè fi ojú parọ́. Ọrùn ẹ̀wù ò mọ irọ́ pa.

Aṣọ mẹ́wàá ni, aṣọ ọgọ́rùn-ún ni, ìṣẹ́po mẹ́jọ ló máa ń ṣẹ́ ẹ. Tó bá di ìkeje tó rí i pé ó wọ́, á tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Tí ariwo Ọjà'ba bá wá pọ̀, tí àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè, tí ẹ̀rọ ata ń lọ̀, á ki orí bọ àárín aṣọ tá a ti fọ̀, á máa mì síwá sẹ́yìn títí ara ẹ̀ á fi balẹ̀. Oníbàárà kan wá bá mi: "Mikail, kí ló dé tí agbádá mi ń rùn bí orí èèyàn?" Mo ní lọ́fínńdà tuntun tá a ń lò ni. Ó ní ká fi kún un.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọtí yẹn, ilé dàrú. Wọ́n ní àlùjọ̀nnú ló wà lára ẹ̀. Wọ́n pe Alfa Zakariyya. Alfa fi tàdáwà kọ nǹkan sí pátákó wàláà, wọ́n fi omi ṣàn án sínú ife, wọ́n ní kó mu ún. Sàlá mu ún tán. Ó ń wo apá ẹ̀wù Alfa.

"Tàdáwà ta sí yín lápá, sà. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ló máa bọ́ ọ."

"Dákẹ́! Àlùjọ̀nnú ni mò ń bá sọ̀rọ̀!"

"Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, sà. Ẹ ṣáà bọ́ ẹ̀wù náà fún mi."

Ìrọ̀lẹ́ ni Alfa tó kúrò lọ́dọ̀ wa, nítorí wọ́n ń dúró de ẹ̀wù wọn lórí okùn. Ẹ̀wù funfun báláú. Àlùjọ̀nnú ò kúrò. Alfa ní àwọn ti ń lé wọn láti ogún ọdún, àwọn ò tíì rí èyí tó mọ́ tónítóní tó bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ lẹ̀rín mọ. Mọ́gàjí agboolé wa pè wá. Bàbá arúgbó ni wọ́n, wọ́n sì lágídí. Wọ́n ní Alhaji Fàsásì ti wá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní orúkọ agboolé ti ń bàjẹ́.

"Ilé kan wà lọ́nà oko tí wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn," Mọ́gàjí wí. "A máa mú un lọ síbẹ̀. Kó wà níbẹ̀ títí orí ẹ̀ á fi pé."

Mo mọ ilé náà. Wọ́n ti gbé aṣọ wá fọ̀ lọ́dọ̀ wa rí látibẹ̀. Alágbàfọ̀ ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún òun. Ìpẹtà wà ní gbogbo etí ṣòkòtò, níbi ọrùn ẹsẹ̀, bí irin ṣe ń ṣe sí aṣọ tó bá gbé lára ẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Mọ́gàjí. Mo bẹ̀bẹ̀. Wọ́n fún wa ní oṣù kan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Àǹtí Edith gbé aṣọ eré wá. Tíṣà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ mẹ́wàá kan jọ sí gbọ̀ngàn kékeré kan ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó, wọ́n ń kọ́ wọn ní eré orí ìtàgé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ń wo Sàlá bó ṣe ń ṣẹ́ aṣọ. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ẹ kú wíwò mi o, mà," Sàlá wí.

Mo ti ń múra àtibẹ̀bẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"O ṣé o. Mò ń wò ọ́ lóòótọ́."

Ẹni àkọ́kọ́ tí yóò dá irú ìkíni ẹ̀ lóhùn láì bínú nìyẹn. Wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní ohun tí àbúrò mi ní lórúkọ, ọ́tísìmù ni. Mo ní kín ni ìtumọ̀ ẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe dá orí ẹ̀ ni, kò ṣàìsàn, kò ya wèrè. Mo ní bí wọ́n ṣe dá orí àwọn tó fẹ́ dè é mọ́lẹ̀ ńkọ́, kí lorúkọ tìyẹn? Wọ́n ní ìyẹn ò tíì lórúkọ.

Àwọn ni wọ́n lọ bá Mọ́gàjí. Wọ́n ní káwọn fi eré nípa Sàlá hàn wọ́n, kí wọ́n tó ṣe ìpinnu. Mọ́gàjí ní eré kẹ̀? Àǹtí Edith ní àga iwájú ni wọ́n máa jókòó sí, àwọn sì máa kí wọn níwájú gbogbo èèyàn. Mọ́gàjí ní ó dáa. Wọ́n ní tí ohun kankan ò bá yé àwọn lọ́jọ́ náà, ní ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ máa wá gbé ọmọ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi ṣe di ẹni tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n pe ìpàdé wọn ní wọ́kíṣọ́ọ̀pù. Mo rò pé ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe là ń lọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní dúró-bí-ère. Àǹtí Edith á pàtẹ́wọ́, oníkálùkù á gan síbi tó wà. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mira àfi tí mo bá tún pàtẹ́wọ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn gan. Sàlá gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó na ọwọ́ bí ẹni ń sá aṣọ. Ni fóònù Àǹtí Edith bá dún. Wọ́n sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ní, "Ó tó, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun." Gbogbo wa jáde lọ jẹ mọ́ínmọ́ín. Nígbà tá a padà, Sàlá ṣì wà lórí ẹsẹ̀ kan. Alángbá kan ti wà nítòsí ẹ̀, ó ń mi orí sí i.

"Yéè! Sàlá, sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀! Kí ló dé?"

Kò mira. Mo sún mọ́ wọn. "Ẹ pàtẹ́wọ́, mà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Sàlá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó ra orúnkún.

"Ẹ kú ìgbàgbé o, mà."

Adébáyọ̀ ni wọ́n ní kó ṣe Sàlá nínú eré náà. Géńdé kan tó máa ń wọ ìgò ojú dúdú nínú ilé. Ó ní òun kì í ṣe eré, inú èèyàn lòun máa ń wọ̀. Wọ́n gbé àga kan sáàárín, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ á máa dáhùn ìbéèrè bíi pé òun ni ẹni náà gan-an. Adébáyọ̀ jókòó. Ó la ẹnu sílẹ̀, ó yí ojú, ó ń gbá orí ara ẹ̀, itọ́ ń yọ. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Ó ń wù mí kí n gbá a létí.

Sàlá yí àga náà ká lẹ́ẹ̀kan.

"Ta lèyí?"

"Ìwọ ni," Àǹtí Edith wí.

Ó tún yí i ká.

"Ẹ kú irọ́ o, Bọ̀ọ̀dá Adébáyọ̀." Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Itọ́ ti kán sí yín lọ́rùn ẹ̀wù. Ẹ bọ́ ọ wá kó má baà dápàá."

Ọjọ́ kejì, wọ́n tẹ́ káádíbọ́ọ̀dù ńlá sílẹ̀. Wọ́n ní kí èèyàn dùbúlẹ̀ lé e, kí wọ́n fi máákà tọ eteetí ara ẹ̀. Sàlá ò fẹ́ kí ọwọ́ kan òun, torí náà èmi ni mo dùbúlẹ̀ dípò ẹ̀. A ga bákan náà. Wọ́n ní ìta àwòrán náà ni kí wọ́n kọ ohun tí ayé ń sọ nípa ẹ̀ sí. Inú ni kí wọ́n kọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ sí. Ìta kún kíá. Wèrè. Ọ̀dẹ̀. Abìwàkiwà. Àlùjọ̀nnú. Mi ò mọ̀ pé wọ́n mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀. Inú ṣófo. Gbogbo wọn ń wo ara wọn.

"Sàlá," Àǹtí Edith wí, "kí ló wà nínú?"

"Ìfun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀kọ tí mo mu láàárọ̀."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ gbogbo ẹ̀.

"Ariwo," Sàlá wí. "Ariwo pọ̀ ńbẹ̀."

Ẹ̀rín dá.

"Ta ló tún wà níbẹ̀?"

"Bọ̀ọ̀dá Mikail."

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbẹ́ ariwo ni wọ́n wà. Àwọn ni wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn."

Mo ní mò ń lọ tọ̀. Mo pẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ eré pé. Gbọ̀ngàn kún. Ará Bẹ́yẹrunkà, ará Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, gbogbo wọn wá, ọ̀fẹ́ ṣáà ni. Mọ́gàjí jókòó síwájú nínú àrán. Alhaji Fàsásì náà wà níbẹ̀, wọ́n jókòó síbi tí wọ́n ti lè tètè jáde. Èmi àti Sàlá wà lẹ́yìn. Mo di ọwọ́ ẹ̀wù ẹ̀ mú. Mo mọ̀ pé gbogbo ẹ̀ dọwọ́ Mọ́gàjí nìkan ṣoṣo, bóyá ilé, bóyá irin lẹ́sẹ̀.

Nínú eré náà, wọ́n tò sí ọ̀wọ́ méjì, Adébáyọ̀ ń gba àárín wọn kọjá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí i létí lọ́tùn-ún lósì. "Wèrè ni." "Ta ló máa fẹ́ ẹ?" "Ẹ gbé e pamọ́, àlejò ń bọ̀." Ọ̀rọ̀ agboolé wa ni gbogbo ẹ̀, wọ́n ti wá kó o jọ lẹ́nu wa. Àwọn tó ń wòran ń ṣàánú. Wọ́n ń pòṣé. "Ẹ̀yà! Ènìyàn burúkú wo ló lè sọ irú èyí?" Ìyá tó pòṣé jù níbẹ̀ ni wọ́n ni ọ̀rọ̀ àlejò ń bọ̀ yẹn. Ọjọ́ ìkómọ ilé wọn ni wọ́n ti sọ ọ́.

Wọ́n gbé àga sáàárín. Adébáyọ̀ jókòó. Àǹtí Edith ní kí Mọ́gàjí bi í ní ìbéèrè bíi pé Sàlá ni. Ẹnìkan fọwọ́ tọ́ Mọ́gàjí. Wọ́n nu ẹnu.

"Ó dáa. Eré náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Kò sí èyí tó kọjá mi níbẹ̀." Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tó o fi dójú ti Alhaji Fàsásì?"

Adébáyọ̀ bú sẹ́kún. "Ẹ ṣàánú mi, Bàbá! Àìsàn ló ń ṣe mí!"

Ọwọ́ ẹ̀wù já mọ́ mi lọ́wọ́. Sàlá ti dé iwájú.

"Bọ̀ọ̀dá Adébáyọ̀, àga mi nìyẹn. Ẹ dìde."

Adébáyọ̀ dìde. Sàlá jókòó. Ó ń wo ọrùn ẹ̀wù Mọ́gàjí.

"N ò dójú tì wọ́n, sà. Mo kí wọn ni."

"O kí wọn. Ṣó ò wá lè parọ́ díẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn ni?"

"Màámi ò tíì kọ́ mi débẹ̀ kí wọ́n tó kú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mọ́gàjí ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fà síwájú lórí àga.

"Èmi ńkọ́? Láti ìgbà tá a ti wà níbí, o ò tíì kí mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run. Mo ní Ọlọ́run, jẹ́ kó kí wọn kú ìjókòó. Wọ́n ṣáà jókòó. Òótọ́ náà ni.

Sàlá dìde, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú oorun o, Bàbá."

Háà! Àwọn tó yí Mọ́gàjí ká fò dìde. "Oorun kẹ̀! Bàbá ń ronú ni!" "Wọ́n dijú kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa ni!" "Ọmọ yìí, o ti ya wèrè pátápátá!" Mọ́gàjí gbé ọwọ́ sókè.

"Láti ìgbà wo ni mo ti sùn?"

"Látìgbà tí wọ́n ti ṣàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, sà. Ẹ jí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ obì, ẹ padà síbẹ̀."

Mọ́gàjí wo àwọn tó yí wọn ká, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Gbogbo ilé yìí rí mi. Ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀kan ṣoṣo ló sọ fún mi. Òun náà lẹ wá ní kí n lọ dè mọ́lẹ̀." Wọ́n gba ọ̀pá wọn. "Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa fọṣọ ẹ̀. Ẹ jẹ́ n lọ sùn."

Látọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ọmọ náà ní ẹ̀bùn. Béèrè lọ́wọ́ wọn. Alhaji Fàsásì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ padà wá, pẹ̀lú ojú kíkorò, torí kò sí ẹlòmíràn tó lè mú funfun wọn funfun. Sàlá ń kí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ń dá a lóhùn pé hùn.

Ọdún kan ó lé díẹ̀ la rí lò sí i.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Sàlá ní inú ń run òun. Ọjọ́ kejì, ó ká bọ́ sórí tábìlì tá a fi ń lọ aṣọ, áyọ́ọ̀nù eléèédú wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo gbé e lọ sí kílíníìkì kékeré kan. Ó ń payín keke lórí ọ̀kadà. Kí ó tó kan wa, ó dákẹ́, ó jókòó tọ́. Nọ́ọ̀sì ò gbójú sókè.

"Ṣé inú ń run ẹ́ báyìí?"

Sàlá rò ó.

"Rárá, mà."

Nọ́ọ̀sì kọ nǹkan, ó fún wa ní páraṣitámọ̀. Ó ní ká máa lọ.

Ti báyìí ni wọ́n bi í. Wọn ò bi í ní ti àná. Wọn ò bi í ní ti orí ọ̀kadà. Ohun tí wọ́n bá bi Sàlá ni Sàlá máa ń dáhùn, kò sẹ́ni tó mọ ìyẹn jù mí lọ láyé. Mo lẹ́nu. Aṣọ ìgbéyàwó àwọn oníbàárà kan ló wà lọ́kàn mi, tí wọ́n ní àwọn máa wá gbà lọ́sàn-án. Mo dúró níbẹ̀ bí ère tí wọn ò tíì pàtẹ́wọ́ fún. A wá lọ sílé.

Dókítà tó rí i nígbẹ̀yìn ní nǹkan kan ló ti bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfun ẹ̀. Wọ́n ní tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́, ìrora máa ń dákẹ́ díẹ̀. Ìfun ni ohun àkọ́kọ́ tó ní kí wọ́n kọ. A rẹ́rìn-ín.

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló dùbúlẹ̀ sí lọ́sàn-án yẹn, tó ń wo okùn aṣọ. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ̀rọ̀ àpò. Lẹ́yìn ìyẹn, a gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn ńlá, kò tún sọ nǹkan kan. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ó ti lọ.

Wọ́n wá kí wa. Wọ́n ní ó ti lọ sinmi. Kò sọ fẹ́nikẹ́ni pé ó rẹ òun. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Adébáyọ̀ wá, kò wọ ìgò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún, ọrùn ẹ̀wù ẹ̀ tutù. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣe eré kankan. Àǹtí Edith gbé káádíbọ́ọ̀dù náà wá, wọ́n bá mi kàn án mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ara èmi ni wọ́n fi tọ eteetí ẹ̀, inú Sàlá ló wà nínú.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Alhaji Fàsásì dé. Wọn ò sọ̀rọ̀ ìsinmi. Wọ́n jókòó sórí ọpọ́n tá a dojú ẹ̀ dé.

"Mikail."

"Sà."

"Mo ṣì ń mu ún o."

"Mo mọ̀, sà."

"Kò sẹ́ni tó ń kí mi fún un mọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ọtí àná o, Alhaji."

Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi bojú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èjìká wọn ń gbọ̀n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, mo wá rí i pé ẹ̀rín ti parí, èjìká ṣì ń gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n wo okùn.

"Agbádá mi rèé?"

"Kò tíì gbẹ, sà."

"Látọjọ́ yẹn?"

"Òjò ti rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Kò tíì gbẹ níbi àpò."

Wọ́n wò mí. Wọ́n dé fìlà wọn padà.

"Jẹ́ kó wà ńbẹ̀."

Lówùúrọ̀ yìí, oòrùn mú. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo jáde sídìí okùn. Mo fọwọ́ kan ọrùn agbádá náà. Ó ti gbẹ. Mo fọwọ́ kan apá ọ̀tún, mo fọwọ́ kan etí ẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ti gbẹ. Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Ó ṣì tutù díẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀.

Mi ò ká a. Mo fa inú àpò náà síta, mo sá a sí oòrùn, mo fi pẹ́ẹ̀gì méjì há a.